Wúrà àti òjé ní Zamfara: Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré ṣe ń tan ara ọmọdé jẹ

Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ìròyìn kan dé etí àwọn oṣìṣẹ́ àjọ oníṣègùn Médecins Sans Frontières, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí MSF, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Anka àti Bukkuyum, iye wọn sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ibà ló fà á.

Gìrì ló ń mú púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó kú. Oògùn ibà kò ran ohun tó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe kòkòrò àìsàn ni wọ́n bá níbẹ̀. Òjé ni.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe lẹ́yìn náà ní abúlé Dareta àti Yargalma fi hàn pé nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ló ti kú láàárín ọdún kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 204 wò nínú àwọn tó ṣẹ́kù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí òjé kò pọ̀ jù lára rẹ̀. Fún 198 nínú àwọn 204 yìí, òjé náà ti pọ̀ débi pé wọ́n nílò oògùn tí yóò fà á jáde. Ní gbogbo agbègbè náà, àwọn ọmọ tó kú lé ní 400.

Òkúta wúrà ló gbé òjé náà wọlé. Ní àkókò yẹn, iye tí wọ́n ń ta wúrà ti gòkè gidigidi lọ́jà àgbáyé, àwọn ará abúlé sì ń wa òkúta tó ní wúrà nínú láti inú ilẹ̀, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń gbé e wálé. Nínú agbo ilé ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà fún oúnjẹ ni wọ́n fi ń lọ òkúta náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fi mákúrì mú wúrà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi iná lé mákúrì náà lọ.

Mákúrì fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa àwọn ọmọ náà. Eruku òkúta ni, tó bà sílẹ̀ ilé, sórí ẹní, sínú ìkòkò àti sí ọwọ́ ọmọ tó ń rákò. Ọwọ́ tí ọmọ fi kan ilẹ̀ náà ló ń kì bọ ẹnu.

Inú òkúta kan náà ni wúrà àti òjé yìí ti jáde. Àwọn ènìyàn ń fi ọ̀kan sí etí àti ọrùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èkejì pa ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ kéékèèké abúlé méjì láàárín ọdún kan. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, òun náà ló sì ṣàlàyé ìdí tí iyọ̀ fi ń yọ́ nínú omi, tí irin fi ń dógùn-ún, àti bí oògùn tí wọ́n fún àwọn ọmọ tó yè ṣe ṣiṣẹ́.

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà

Gbogbo ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn, ìbáà jẹ́ iyanrìn, omi, iṣu tàbí egungun, átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú hóró iyọ̀ kan ṣoṣo ju iye gbogbo ènìyàn tó wà láyé lọ fíìfíì.

Àárín átọ́ọ̀mù ni kókó rẹ̀ wà, níbi tí àwọn pírótọ́ọ̀nù kó ara wọn jọ sí. Iye pírótọ́ọ̀nù yìí ló ń sọ irú èròjà tí átọ́ọ̀mù náà jẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 11, sódíọ́ọ̀mù ni. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, kálísíọ́ọ̀mù ni. Wúrà ní 79, òjé sì ní 82, nítorí náà kò sí iná tàbí òòlù alágbẹ̀dẹ tó lè sọ òjé di wúrà.

Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló yí kókó yìí ká. J. J. Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, ló fi ẹ̀rí wọn hàn ní ọdún 1897. Iye wọn bá iye pírótọ́ọ̀nù mu, kókó sì ń fà wọ́n mọ́ra bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tó ń fà wọ́n kì í ṣe ti mágínẹ́ẹ̀tì bí kò ṣe ti iná mànàmáná: kókó ní agbára pọ́sítíífù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ti nẹ́gátíífù.

Agbo-agbo ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń tò. Agbo tó sún mọ́ kókó jù kò gbà ju méjì lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e gba mẹ́jọ. Àwọn agbo tó wà lẹ́yìn ìyẹn lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ti di agbo inú, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà ní ìta pátápátá kì í sábà ní ju mẹ́jọ lọ. Àwòrán agbo yìí kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an, nítorí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ ìkùukùu ju ohun tó ń yípo lójú ọ̀nà kan lọ. Síbẹ̀, àwòrán náà tó láti fi lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara.

Bí àlejò bá dé ilé ńlá tí èrò kún inú rẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn tó wà ní yàrá inú lè má mọ̀ pé àlejò kankan wá. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú átọ́ọ̀mù. Nígbà tí átọ́ọ̀mù méjì bá pàdé, agbo ìta ọ̀kan ló ń fara kan agbo ìta èkejì. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní agbo ìta yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fálẹ́ǹsì.

Ní ọdún 1916, Gilbert N. Lewis, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ó ṣàkíyèsí pé ara máa ń rọ átọ́ọ̀mù jù nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ bá pé ní agbo ìta rẹ̀. Àwọn èròjà tí tiwọn ti pé láti ilẹ̀, bíi nẹ́ọ́ọ̀nù tó ń tàn nínú gílóòbù alárànbarà àwọn ilé ìtajà, kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Àwọn tí tiwọn kò pé ló ń wá ẹni tí wọn yóò bá ṣe.

Iyọ̀ Taoudenni àti omi àmù

Ọ̀nà tí àwọn tí kò pé yìí ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹnìkan fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sódíọ́ọ̀mù tò ní méjì, mẹ́jọ, ẹyọ kan. Ti kílórínì jẹ́ méjì, mẹ́jọ, méje. Bí sódíọ́ọ̀mù bá fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀, agbo mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á di agbo ìta. Bí kílórínì bá gba ẹyọ kan yẹn, tirẹ̀ náà á pé mẹ́jọ. Sódíọ́ọ̀mù tó yọ̀ǹda á wá ní agbára pọ́sítíífù, kílórínì tó gbà á ní ti nẹ́gátíífù, àwọn méjèèjì á sì fa ara wọn mọ́ra. Átọ́ọ̀mù tó bá ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tàbí tó ti gbà kún tirẹ̀ báyìí, ni wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù.

Sódíọ́ọ̀mù nìkan máa ń gbiná bí ó bá kan omi. Kílórínì nìkan ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ olóró ní Ypres ní ọdún 1915. Àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n di iyọ̀ ọbẹ̀. Pẹlẹbẹ iyọ̀ tí àwọn ràkúnmí ń rù láti Taoudenni ní àríwá Mali lọ sí Timbuktu kò ju áyọ́ọ̀nù sódíọ́ọ̀mù àti ti kílórínì lọ, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn létòlétò ní ẹgbàágbèje lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ọ̀nà kejì ni pínpín. Ọ́síjìn ní mẹ́fà ní agbo ìta, ó ku méjì kó pé. Háídírójìn ní ẹyọ kan, ó ku ẹyọ kan kí agbo kékeré tirẹ̀ pé. Kò sí èyí tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, nítorí náà háídírójìn méjì á dúró ti ọ́síjìn kan, wọ́n á jọ máa lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní méjì-méjì. Omi nìyẹn. Irú ìdè alájọpín yìí kì í tú nígbà tí omi bá hó. Àwọn ẹ̀ka omi kàn ń fi ara wọn sílẹ̀ ni, wọ́n ń fò lọ bí oruku gbígbóná, omi ṣì ni wọ́n.

Nínú àwọn irin, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀: gbogbo wọn ló ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta pọ̀, tí yóò máa rìn káàkiri láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí iná mànàmáná fi ń gba inú wáyà bàbà kọjá.

Kí ló dé tí wúrà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe?

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà ní agbo ìta wúrà, bíi ti sódíọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ iye nìkan la ń wò, ó yẹ kí òrùka ìgbéyàwó gbiná lọ́wọ́ ìyàwó tó bá ń fọ abọ́. Kò gbiná, nítorí iye kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí kókó ṣe di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà mú tó tún ṣe pàtàkì.

Kókó wúrà ní pírótọ́ọ̀nù 79. Agbára wọn pọ̀ débi pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ kókó jù ń sáré ju ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí nǹkan bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, òfin tí Albert Einstein ṣàwárí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: agbo inú á fún mọ́ra, agbo ìta pàápàá á sún mọ́ kókó, ìdè rẹ̀ á sì le sí i. Òun ló tún fún wúrà ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú rẹ̀, dípò kí ó funfun bíi fàdákà.

Nítorí èyí, afẹ́fẹ́ kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wúrà, omi kò rí nǹkan gbà, omi kíkan inú ikùn ènìyàn náà kò rí nǹkan gbà. Ìdí nìyẹn tí awakùsà fi lè bá wúrà nínú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi wúrà, ní ẹyẹ́rẹ́-ẹyẹ́rẹ́ tó ń dán, lẹ́yìn àìmọye ọdún. Ọmọ tó bá gbé eruku wúrà mì yóò yà á sígbẹ́ bó ṣe wọlé.

Òjé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àpáta, imí-ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń bá òjé gbé, wọ́n á jọ di òkúta dúdú kan tó wúwo tó sì ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó yẹ òkúta Zamfara wò rí i pé òjò àti afẹ́fẹ́ ti bá púpọ̀ nínú òkúta náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Òjé ti fi imí-ọjọ́ sílẹ̀, ó ti lọ bá kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn. Òkúta tuntun yìí ń yọ́ nínú omi kíkan, bí ẹfun ṣe ń hó tó sì ń yọ́ bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Omi kíkan sì ni ikùn ènìyàn kún fún. Òjé tó ti wà nínú àpáta láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan wá di áyọ́ọ̀nù tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìfun ọmọdé.

Ojú kan náà lẹ́nu ibodè

Níbí ni ẹ̀tàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kálísíọ́ọ̀mù, tó ń mú egungun àti eyín le, ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 20 tó tò ní méjì, mẹ́jọ, mẹ́jọ, méjì. Ó máa ń fi méjì ìta yẹn sílẹ̀ láìjanpata. Nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìfun, áyọ́ọ̀nù tó ní agbára pọ́sítíífù méjì ló jẹ́, ara sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Òjé ní mẹ́rin ní agbo ìta. Lórí àtẹ àwọn èròjà, abẹ́ kábọ́ọ̀nù ló wà, nítorí kábọ́ọ̀nù náà ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kókó òjé wúwo ju ti wúrà pàápàá lọ, ìdí kan náà tó mú kí wúrà di tirẹ̀ mú ṣinṣin ló mú kí òjé di méjì nínú mẹ́rin yẹn mú. Méjì tó kù ló sábà ń fi sílẹ̀. Bí òjé ṣe di áyọ́ọ̀nù tó ní agbára pọ́sítíífù méjì nìyẹn, bíi kálísíọ́ọ̀mù gẹ́lẹ́. Fífẹ̀ wọn náà kò jìnnà síra: bí a bá pín fífẹ̀ áyọ́ọ̀nù kálísíọ́ọ̀mù sí ọ̀nà márùn-ún, nǹkan bí ìdá kan péré ni ti òjé fi jù ú lọ.

Ara ènìyàn kò ní ojú tó fi ń wo orúkọ èròjà. Ibodè ìfun ń yẹ agbára àti fífẹ̀ wò ni, ohun tó bá sì jọ kálísíọ́ọ̀mù ní ọ̀nà méjèèjì, ó lè gbà á wọlé. Ara ọmọdé tó ń dàgbà, tí egungun rẹ̀ ń gùn lójoojúmọ́, ń wá kálísíọ́ọ̀mù àti irin lójú méjèèjì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé òjé tí ara ọmọ kékeré ń gbà nínú ohun tó gbé mì tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Bí ọmọ náà kò bá sì jẹun kánú, tí kálísíọ́ọ̀mù àti irin kò tó nínú oúnjẹ rẹ̀, ibodè á tún ṣí sí i.

Ọpọlọ ni ibi tí ìpalára náà ti burú jù. Nígbà tí iṣan ọpọlọ kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, kálísíọ́ọ̀mù ló máa ń wọlé wá sí etí rẹ̀ láti sọ pé kí ó tú ìròyìn sílẹ̀. Òjé lè jókòó sórí àga kálísíọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ó ń di àwọn púrótéènì kan mú ju kálísíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ. Ìròyìn tó yẹ kó lọ kò ní lọ, èyí tí kò yẹ kó lọ yóò máa lọ. Ní ara ọmọ tí òjé ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọpọlọ á wú, gìrì á dé. Àwọn tó yè lè yè pẹ̀lú ojú tó fọ́, etí tó di, tàbí ọpọlọ tí kò ní gbọ́n tó bó ṣe yẹ kó gbọ́n.

Kálísíọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ni òjé ń fara wé. Sínkì náà máa ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn púrótéènì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, imí-ọjọ́ ló di sínkì mú sáàárín. Òjé, tí òun àti imí-ọjọ́ ti jọ ń gbé láti inú àpáta, á dé ibẹ̀, á sì lé sínkì kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Oògùn tó fi imí-ọjọ́ dẹ pàkúté

Ìfẹ́ tó wà láàárín òjé àti imí-ọjọ́ yìí ni àwọn dókítà fi gbẹ̀san.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Oxford ń wá ohun tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró kan tó ní ásẹ́níìkì nínú. Wọ́n ṣe oògùn kan tó ní imí-ọjọ́ méjì, bí ọwọ́ méjì tó ń dúró de ohun tí yóò dì mú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi oògùn yẹn gún, ó sì ń dunni. Láti inú èrò kan náà ni oògùn mìíràn ti jáde lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń pè ní DMSA tàbí succimer. Òun ṣeé gbé mì. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọdé tí òjé ń dà láàmú ní ọdún 1991.

Imí-ọjọ́ àti ọ́síjìn inú oògùn náà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì tí wọn kò tíì bá ẹnikẹ́ni pín. Òjé tó ti fi méjì tirẹ̀ sílẹ̀ ní àyè fún wọn. Wọ́n á yá a ní tiwọn, wọ́n á sì fi bẹ́ẹ̀ há a mọ́ àárín, kíndìnrín á wá dà á jáde pẹ̀lú ìtọ̀.

Ohun tó jọni lójú jù nínú oògùn yìí ni ohun tí kì í ṣe. Kì í kó kálísíọ́ọ̀mù ọmọ náà lọ. Ìdí ni pé òjé tóbi, ìkùukùu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí i ká rọ̀, ó ń tẹ̀, ó sì bá ti imí-ọjọ́ tó rọ̀ náà mu. Ti kálísíọ́ọ̀mù le gan-an, ọ́síjìn ló sì ń wù ú láti bá lọ. Ibodè ìfun kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ mọ̀ ọ́n.

Láàárín oṣù Kẹfà ọdún 2010 àti oṣù Kẹfà ọdún 2011, MSF fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju márùn-ún lọ ní Zamfara ní oògùn yìí ní ìgbà 3,180, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iye ikú wálẹ̀ kíákíá.

Ṣùgbọ́n oògùn kò lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí yóò padà sùn sórí eruku kan náà. Nítorí náà MSF kò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní abúlé tí wọn kò bá tíì fọ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ha ilẹ̀ agbo ilé, wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ olóró náà lọ sin, wọ́n sì ń fi iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní Bagega, tó tóbi ju àwọn abúlé tó kù lọ, owó iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó jáde. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fọ ibẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta dúró de oògùn tí àwọn ọmọ abúlé tí kò jìnnà sí wọn ti ń lò.

Láti Dakar dé Boston

Zamfara kọ́ ni ibi kan ṣoṣo. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, ọmọ 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Bátìrì ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n ń tú níbẹ̀ láti yọ òjé tà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì yẹn náà ni bátìrì ń lò: bí òjé inú rẹ̀ ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n ń gba inú wáyà lọ tan iná ọkọ̀. Ní ọdún 2015, ní ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà, ọmọ 28 mìíràn tún kú níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà.

Àwọn ilé Yorùbá mìíràn sì wà tí wọn kò sún mọ́ kùsà rárá, tí òjé ń bá wọn wọ yàrá nínú ìgò kékeré. Tìróò ni. Púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ òkúta dúdú tó ń kọ mànà yẹn, òjé àti imí-ọjọ́, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà fi hàn pé òjé ti wà lára rẹ̀. Kò sí ọ̀dà àtijọ́ lára ògiri ilé wọn tó lè fà á. Tìróò tí wọ́n ń lé sí ọmọ náà lójú kí ó lè dára ni, èyí tí wọ́n rà ní Nàìjíríà, ohun tó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ ni òjé. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú lílé e, iye òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀.

WHO sọ pé kò sí iye òjé kankan, bó ti wù kó kéré tó, tí a mọ̀ pé kò lè pa ènìyàn lára.

Òjé kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tí kò bá ìtọ̀ jáde á lọ síbi tí kálísíọ́ọ̀mù ń lọ, ìyẹn inú egungun, á sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tí kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ara á yá lára egungun rẹ̀ láti fi kọ́ egungun ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Òjé tó wà níbẹ̀ á bá a jáde, ó sì lè gba inú olóbi kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ níyànjú láti jẹ oúnjẹ tó ní kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, bíi wàrà àti ẹja tí wọ́n ń jẹ teegunteegun. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní Dareta ní ọdún 2010 ti pé ọmọ ọdún 18 ní ọdún 2024.